Ẹ̀kẹta Tí A Kò Gbọ́

Nínú ìjà ọkọ̀ ogun kékeré onírìmóòtù tí a máa ń jà ní Borokiri, ní Port Harcourt, ẹni tí hóró rọ́bà bá ba ọkọ̀ rẹ̀ ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. A kò ní adájọ́. Bó bá bà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o máa pariwo pé "One". Bó bá bà ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o máa ní "Two". Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ikú. O máa sọ pé "I don die", o máa ti irin eriali rìmóòtù rẹ wọlé, ọkọ̀ rẹ á sì dúró síbi tó kú sí títí ìjà yóò fi parí. Àwọn tó kù lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ sẹ́yìn òkìtì.

Ìdí tí òfin náà fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Hóró rọ́bà tí ọkọ̀ wa ń yìn kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, olúkúlùkù sì ń dúró ní etí pápá tirẹ̀, lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ló sún mọ́ ọn tó láti gbọ́ ìró "kọ́" tí hóró bá dún lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilé kan tí wọ́n ń kó ẹja dídì pamọ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sì í sinmi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni tí hóró bà bá dákẹ́, kò sí ẹlòmíì tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó bà á. Nítorí náà, òtítọ́ ẹnu wa nìkan ni a fi ń ṣeré náà.

Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ni mo bá wọn níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, iléèwé girama kan ní Port Harcourt ni wọ́n sì rán mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Mi ò ní ọ̀rẹ́ nílùú náà, mi ò sì mọ ọ̀nà tí ènìyàn fi ń wá ọ̀rẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan mo rìn lọ sí etí omi, mo sì rí àgbàlagbà mẹ́ta tí wọ́n yí pápá oníyanrìn kan ká lẹ́yìn ilé ìjọsìn, rìmóòtù lọ́wọ́ kálukú. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn ń ya wèrè. Bí obìnrin tó wà láàárín wọn bá tẹ rìmóòtù tirẹ̀, ọkọ̀ ọkùnrin tó dúró ní òdìkejì ló ń yí po. Wọ́n ní bóyá omi ló wọ̀ ọ́.

Mo wò wọ́n pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí kírísítà inú rìmóòtù méjèèjì, ìyẹn ègé kékeré tó ń sọ ibi tí rìmóòtù yóò ti máa bá ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì. Mi ò sọ fún wọn pé mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rìmóòtù méjèèjì ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kí wọ́n pa ọ̀kan, kí wọ́n wò ó. Wọ́n pa á, ọkọ̀ náà sì fara balẹ̀. Bí mo ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e wọ́n yá mi ní ọkọ̀ kan.

Àwa mẹ́rin péré ni. Ọkùnrin tó dá eré náà sílẹ̀, tí a ń pè ní Alága, jẹ́ ọmọ Ikwerre. Inú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, Alakahia ló sì ń gbé. Òun ló kọ àwọn òfin, òun ló sì ń mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, tó ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá pè. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń padà sílé ló fi ọkọ̀ rẹ̀ àti èyí tí mo yá sílẹ̀ fún un. Màdáámù ni ẹnì kejì, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abuloma, ọmọ Okrika, tó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ọkọ̀ tirẹ̀. Agolo bisikíìtì ni ara rẹ̀, mọ́tò inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ ló sì ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n a kò rí ọkọ̀ tó yára tó o.

Bàbá ni ẹnì kẹta, Yorùbá kan ṣoṣo tí mo bá níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, akọ̀wé ní èbúté, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Port Harcourt. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé, òun nìkan ló ń gbé inú yàrá kan ní Borokiri. Àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi ọkọ̀ ogun rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó máa ń fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun, kò sì sí ìgbà tí a dé pápá tí a kò bá a níbẹ̀. Bí ìmọ́tótó àárọ̀ Sátidé bá ti parí báyìí, Bàbá á ti lọ bu ẹrẹ̀ dúdú etí omi, èyí tí wọ́n ń pè ní chikoko, á ti máa fi mọ òkìtì tí a ó jà lé lórí. Mi ò rò pé ó ní ibòmíràn tó ń lọ.

Ní Sátidé tí mo kọ́kọ́ jà, hóró bà mí lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá. Mo pariwo "I don die" bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kù. Nígbà tí ìjà parí, Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kọ́pà, ìyá rẹ ń bẹ láyé?"

Mo ní ó ń bẹ, sà.

"Obìnrin tó ń jí láàárọ̀ tó ń gbàdúrà sí ọ lórí, ìwọ wá dúró lọ́sàn-án gangan, ò ń kéde ara rẹ ní òkú. Èmi kì í sọ ọ́ ní tèmi. Ìyá mi ṣì wà."

Mo ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ ló kú, kì í ṣe èmi.

"Ṣé ọkọ̀ ló ní ẹnu tó fi sọ ọ́ ni?"

Ohun tí Bàbá máa ń sọ dípò "I don die" ni "Ó tú", bí ènìyàn ṣe ń sọ pé ọjà ti tú, tí kálukú ń di ẹrù rẹ̀ relé. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: "One," lẹ́yìn náà "Two," lẹ́yìn náà "Ó tú," ó sì ti irin eriali rẹ̀ wọlé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Mi ò kàn mọ̀ bóyá kí n gba ìdí tó sọ gbọ́. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà ilé wa máa ń bá ọmọdé wí bó bá fẹnu pe ikú. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láyé ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ àṣà adúgbò rẹ̀. Ó lè jẹ́ òfin ìyá rẹ̀ nìkan. Ó sì lè jẹ́ ọkùnrin tí kò fẹ́ràn kí wọ́n ṣẹ́gun òun ló ń wá ọ̀rọ̀ tó dùn fi bo ìṣẹ́gun náà. Mi ò ní ẹ̀rí tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà mo fi í sílẹ̀. Èmi ń bá "I don die" tèmi lọ, àmọ́ mo rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ tí Bàbá bá wà nítòsí.

Alága àti Màdáámù máa ń pe Bàbá ní Ọ̀gá Tú-Tú. Bó bá ti yọ sí wọn lókèèrè báyìí, Màdáámù á ní, "Oga Tú-Tú, you don come?" Bàbá á rẹ́rìn-ín, á gbé ọwọ́ sókè bí olóyè tí wọ́n kí. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ Yorùbá kan mọ́ ẹnu.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo dé, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìjà gidi ṣẹlẹ̀. Màdáámù dojú kọ Bàbá lójú pápá. Hóró rẹ̀ ba Bàbá, Bàbá pè é. Ó tún bà á, Bàbá tún pè é. Ó bà á lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá ní ó tú, ó ti eriali rẹ̀ wọlé, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Màdáámù kò sún mọ́ ibẹ̀. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sá sẹ́yìn òkìtì, ó ń yọjú, ó ń padà, bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò, títí àkókò fi pé. Mo rò pé ọgbọ́n ogun kan ló ń dá. Nígbà tí Alága ní kí a dúró, Màdáámù ju rìmóòtù rẹ̀ sórí àga.

Ó bi Bàbá ní Píjìnì bóyá kì í kú rárá. Bàbá ní òun ti sọ ọ́. Màdáámù ní kí ló sọ? Bàbá ní òun ti sọ ohun tí òun máa ń sọ, gbogbo wọn sì mọ̀ ọ́n.

"Una ngbati people," ni Màdáámù wí, "una sense too much."

Ó ti máa ń fi "ngbati" ṣe àwa Yorùbá yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, a sì máa ń fi ìrìn ọkọ̀ ojú omi ṣe é padà. Lọ́jọ́ náà kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Alága, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ ọ́, kò sí ọjọ́ kan tí òun rí ikú ọkùnrin yìí nínú rẹ̀. Ó ní eré tí kò ní adájọ́ kò lè gba irú èyí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí Bàbá sọ "I don die" kí gbogbo ènìyàn gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Bàbá ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ti ẹnu òun jáde. Ó fi aṣọ funfun wé ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ láìdúró jẹ bọ̀ọ̀lì tí a jọ máa ń jẹ lẹ́yìn ìjà, èyí tí kò ṣe rí.

Nígbà tí a jókòó ti bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan, mo bẹ Alága pé kó jẹ́ kí n wo ìwé náà. Bí hóró bá ba ẹnì kan, ohun tó bá pè ni Alága ń kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Lábẹ́ tèmi: 1, 2, àti àmì ikú. Bẹ́ẹ̀ ni ti Màdáámù. Lábẹ́ ti Bàbá, 1, 2, 2 ló wà níbẹ̀. Mo ṣí ojú ewé mìíràn: 1, 2, 2. Òmíràn: 1, 2, 2.

Mo bèèrè ohun tí 2 kejì jẹ́.

Alága ní ibẹ̀ ni irọ́ náà wà. Ó ní bí hóró bá ba ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kẹta, á tún padà pe "two", kò ní gba orí kẹta kọjá láé. Màdáámù yọ egungun ẹja lẹ́nu.

"Why you think say we dey call am Two-Two?"

Bọ̀ọ̀lì tutù sí mi lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró nínú pápá yẹn, mo ń gbọ́ "ó tú" pé ó tú, àwọn sì ń gbọ́ ọ pé "two". Ohùn kan náà ni, bóyá ní Yorùbá bóyá ní Píjìnì. "Ó" tó ṣáájú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ti gbé e mì. Irin eriali tó ń tì wọlé tín-ín-rín ju ohun tí wọ́n lè rí láti òdìkejì pápá lọ, ọkọ̀ tó dúró sì lè jẹ́ èyí tó lúgọ. Àbùkù náà sì kàn mí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí yàtọ̀ sí Bàbá, èmi nìkan ló gbọ́ èdè méjèèjì tí mo sì tún jẹ́ àjèjì tó yẹ kó máa fetí sílẹ̀. Lójú Alága àti Màdáámù, ìjà ọjọ́ náà dá lórí ẹni tó ń fi ìṣirò ṣe èrú. Lójú Bàbá, ó dá lórí ìyá rẹ̀. Ìjà méjì ni wọ́n ń jà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé méjì ni.

Mo fẹ́ kó dá mi lójú ná kí n tó sọ ọ́. Mo sì mọ ohun tí wọ́n lè sọ: ngbati kan ló ń gbe ngbati kejì lẹ́yìn. Mo bẹ Alága pé kó yá mi ní ìwé náà, ó sì yá mi.

Ní yàrá mi, mo yẹ gbogbo ojú ewé rẹ̀ wò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ wa jẹ kò nílò láti pe ohunkóhun. Dídákẹ́ ló máa dákẹ́. Ta ni yóò fẹ́ jalè tí yóò wá máa lu agogo? Èkejì ni pé nínú ìjà kan, a kò kọ 2 ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ rí lábẹ́ orúkọ Bàbá. Bí 2 kejì bá ti wọlé, ó parí. Ẹ̀kẹta, Alága máa ń kọ ìbọn tí a bá yìn pẹ̀lú, lẹ́yìn 2 kejì Bàbá kò sì yìnbọn mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo rí ìbọn kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo wò ó títí, mi ò rí àlàyé fún un, títí di òní mi ò tíì rí i. Ó lè jẹ́ pé àtàǹpàkò rẹ̀ ló yọ̀. Ó lè jẹ́ pé Alága kọ ọ́ sí ojú ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. Mi ò lè sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Màdáámù ní iléèwé rẹ̀ ní Abuloma lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Mo ní kó kọ ẹ̀yìn sí mi ní ìkángun pápá ìṣeré, kó máa sọ ohun tó bá gbọ́. Mo pe "two". Ó ní two. Mo pe "ó tú". Ó ní two. Mo pààrọ̀ wọn, mo da wọ́n rú, ohun kan náà ló ń tún sọ. Nígbà tó ṣe, ó yíjú padà, ó bi mí bóyá àwọn ọmọ iléèwé mi ti kó wèrè ràn mí. Mo wá sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Mo sọ bí ọjà ṣe ń tú. Mo sọ ti ìyá Bàbá.

Ó jókòó sórí àpáta kan.

"So the man don dey die since," ló wí.

Ó fẹ́ lọ sọ fún Alága ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ènìyàn, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ro ohun tí mímọ̀ náà yóò ṣe sí i dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ sí yàrá rẹ̀. Ọkọ̀ ogun náà wà lórí tábìlì, nínú aṣọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ iléèwé mi, láti ìpìlẹ̀. Mo fi ìwé hàn án. Mo sọ àwọn ẹ̀rí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ó tẹ́tí títí mo fi parí. Ó wá bèèrè ohun kan ṣoṣo.

"Tú-Tú tí wọ́n ń pè mí ńkọ́?"

Mo ní, "Two-Two ni, sà."

Ó mú ìwé náà, ó ṣí ojú ewé mélòó kan, ó pa á dé.

"Mo kọ ọ́ sí ìyá mi. Mo ní àwọn ará ibí ti fi ọ̀rọ̀ wa sọ mí lórúkọ. Àwọn ọmọ kà á fún un, ó ní kí n kí wọn."

Mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn lọ́la, sà, gbogbo rẹ̀ yóò sì tán.

"Kí lo fẹ́ ṣàlàyé? Pé mo ti lo ogún ọdún nínú ìlú yìí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tí mò ń wí?"

Ó ní òun kò ní wá sí pápá mọ́. Kò bínú sí mi. Ó tilẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó kí mi pé mo ṣeun. Èyí ló dùn mí jù. Ó dé pápá náà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tó ní orúkọ láàárín àwọn ènìyàn, èmi ni mo fi ẹ̀rí mi gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò ó pé bóyá ì bá sàn kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, wọn yóò lé e gẹ́gẹ́ bí oníjìbìtì. Mi ò rí ọ̀nà kẹta nígbà náà.

Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó bu chikoko. Pápá tẹ́jú bí ojú tábìlì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alága, Màdáámù sì jẹ́rìí sí i pé òun náà kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Alága gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣí i, ó ń wò ó, bí ẹni tó ń ka ìwé tí ẹlòmíì kọ. Ó sọ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé òun ni òun kọ ọ́, ọwọ́ òun ni. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìdí tí Bàbá kì í fi sọ "I don die". Mo ní ohun tó sọ fún mi nìyẹn, mi ò sì ní ọ̀nà tí mo lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó dùn mí pé mo fi apá kejì kún un.

Màdáámù ló dá ọ̀rọ̀ náà. Ó dìde, ó gbọn yanrìn lára yẹ̀rì rẹ̀.

"Make everybody dey talk the one wey im mama fit hear."

A rìn lọ sí yàrá Bàbá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò wá, kò ní kí a wọlé, kò sì ní kí a máa lọ. Alága ni àgbà láàárín àwa tó wá, òun ló sì yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, ó ní, "O tù."

Ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá. Màdáámù náà gbìyànjú tirẹ̀, tirẹ̀ sì burú ju ti Alága lọ. Bàbá dúró bí ẹni tó fẹ́ yan láàárín nǹkan méjì.

"Ó tú," ló wí níkẹyìn. "Ẹ gbé e sókè. Tú."

Wọ́n tún un sọ. Ó ní kò tíì dára tó. Ó mú kí wọ́n tún un sọ títí àwọn ará ilé fi ń yọjú láti fèrèsé, Màdáámù sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ bo ẹ̀rín. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wọlé lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó sọ "I don die" mọ́ ní pápá wa. Alága ń sọ ti Ikwerre, Màdáámù ń sọ ti Okrika, èmi náà ń sọ pé ó tú. Alága tún ṣe òfin tuntun kan tó kan Bàbá nìkan: kò gbọdọ̀ pe "two" mọ́ láé. Yorùbá ni kó máa fi kà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ó tú. Wọ́n ṣì ń pè é ní Ọ̀gá Tú-Tú. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ sókè.

Nígbà tí ọdún àgùnbánirọ̀ mi ku bí oṣù kan kó pé, ẹnì kan wá láti ilé wá pe Bàbá. Ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì ti dàgbà gan-an. Ó lọ, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sátidé tó padà wá, irun orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. A kí i kú ìnáwó, a kí i kú àṣẹ̀yìndè. Màdáámù ti gbé ẹja wá láti Abuloma ní tirẹ̀. Bàbá lọ bu chikoko rẹ̀, ó mọ òkìtì rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ilé ẹja kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti bàjẹ́, gbogbo pápá sì dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ omi. Hóró Alága ba Bàbá. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan." Hóró Màdáámù bà á. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì." Èmi ni mo yin ẹ̀kẹta. Mi ò rò pé yóò bà á, mo jìnnà púpọ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ìró "kọ́" tó dún lára irin ọkọ̀ rẹ̀.

Alága gbé kálámù sókè, ó ń retí. Bàbá ń wo ọkọ̀ rẹ̀.

"I don die," ló wí.

Kò pariwo rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí kò sí ìdí láti fi pamọ́ mọ́. Ó ti irin eriali rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì ká ọwọ́ lẹ́yìn. Mo ti ń wá ẹ̀rí kan lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí i lọ́jọ́ náà, mi ò sì rò pé mo tún fẹ́ ẹ mọ́.

Nígbà tí a ń jẹun, mo yọjú wo ìwé Alága. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni "o tu", láìsí àmì kankan lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ìdí oúnjẹ, ìjà náà ṣì ń lọ lẹ́yìn tí Bàbá jáde nínú rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ wà láàárín pápá gan-an, ibi tó dára jù láti fara pamọ́ sí, òfin sì gbà wá láyè. Màdáámù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yà kúrò níbẹ̀. Alága náà yà kúrò. Nígbà tó kàn mí, mo gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì kọjá, níbi tí Màdáámù ti lè rí mi kedere, ó sì yìnbọn bà mí.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni mo pè.